"Ọmọ mi ní chip lòun ń yà": kí ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ní yunifásítì gan-an?

Ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá kan tó ń ta gààrí bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè fi ìdúró dáhùn. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọmọ mi wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ní chip lòun ń yà fún iṣẹ́ àṣejáde òun. Oṣù kẹfà rèé tó ti ń yà á, mi ò tíì fojú kan chip kankan. Òru ló fi ń ṣe é, ìdí kọ̀ǹpútà ló ń sùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé ọmọ yìí ti ń ṣe yàhúù?"

Màmá yìí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Láti ìgbà tí ìròyìn chip ti gba ayé kan, oríṣiríṣi la ń gbọ́ láti Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn kan ní àwọn ọmọ wa ti ń ṣe chip nínú yàrá tí wọ́n háyà. Àwọn kan ní irọ́ ni, òyìnbó nìkan ló lè ṣe é. Àwọn mìíràn ní ṣebí yanrìn ni wọ́n fi ń ṣe é, yanrìn sì kún ilẹ̀ wa, kí ló wá dé? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, díẹ̀ yẹn ló sì ń da ọ̀rọ̀ rú. Mo gba nọ́ńbà ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo sì lọ bá a nílé. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àti ohun tó wà nílẹ̀ nípa iṣẹ́ yìí káàkiri ayé, ni mo kó jọ síbí.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ chip fi gba gbogbo ẹnu?

Ó ṣòro láti rí ohun èlò tó ń lo iná lóde òní tí chip kò sí nínú rẹ̀. Ó wà nínú fóònù, nínú POS tí wọ́n fi ń gbowó lọ́jà, nínú mítà iná tí a ń ra káàdì sí, nínú ọkọ̀, nínú ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí chip wọ́n lẹ́yìn tí àrùn kòrónà dé, pàápàá ní 2021, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá ní Amẹ́ríkà, Jámánì àti Japan dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, torí pé chip kéékèèké tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kò sí láti fi parí ọkọ̀ olówó ńlá. Ní oṣù kẹjọ 2022, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ya nǹkan bí 52 bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ chip. Nígbà tó di oṣù keje 2025, Nvidia di iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé tí iye rẹ̀ wọ 4 tírílíọ̀nù dọ́là.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa Nvidia ni pé kò ní iléeṣẹ́ kankan tí wọ́n ti ń ṣe chip. Yíyà ló ń yà á. TSMC ní Taiwan, tí Morris Chang dá sílẹ̀ ní 1987, ló ń bá a ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni Apple ń ṣe. Lágbo àwọn oníṣẹ́ chip, ẹni tó ń yà á yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣe é, owó ńlá sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń yà á. Bí èèyàn bá ti di èyí mú, ìdajì ìdàrúdàpọ̀ náà ti tán.

Kí ni chip? Kí sì ni semikọ́ńdọ́tọ̀?

Wáyà bàbà máa ń jẹ́ kí iná kọjá. Rọ́bà kì í jẹ́. Semikọ́ńdọ́tọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì: èèyàn lè fi ọgbọ́n tọ́ ọ, kí ó jẹ́ kí iná kọjá nígbà tí a bá fẹ́, kí ó sì dí i nígbà tí a kò bá fẹ́. Sílíkọ́nì, tí wọ́n ń yọ láti ara yanrìn, ni wọ́n ń lò jù. Tí wọ́n bá fi ṣe nǹkan bí ẹnu ẹ̀rọ omi, tí ọwọ́ díẹ̀ tí a fi yí i ń pinnu bóyá omi púpọ̀ máa dà tàbí kò ní dà, òun ni wọ́n ń pè ní tiransísítọ̀. Àwọn bàbá wa tó ra rédíò tiransísítọ̀ láyé ọjọ́un mọ orúkọ yẹn dáadáa. Oṣù Kejìlá 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ní 1958, Jack Kilby ní iléeṣẹ́ Texas Instruments fi hàn pé wọ́n lè kó oríṣi nǹkan wọ̀nyí pọ̀ sórí ègé kan ṣoṣo. Ègé yẹn ni chip.

Chip tí Intel gbé jáde ní 1971, tí wọ́n pè ní 4004, ní nǹkan bí 2,300 tiransísítọ̀. Èyí tí Apple kó sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní 2020, M1, ní 16 bílíọ̀nù. Kò sí ẹni tó lè fi rúlà àti pẹ́ńsù ya 16 bílíọ̀nù nǹkan. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi di iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán yẹn sára sílíkọ́nì? Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta rí ti mọ púpọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á gé àwòrán sára páànù, wọ́n á gbé páànù náà lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún gba ojú ihò rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ ẹ̀kọ kúrò, funfun á yọ lára búlúù. Ní iléeṣẹ́ chip, ohun kan tí ìmọ́lẹ̀ ń pa lára dà ló wà nípò ẹ̀kọ. Wọ́n á dà á sójú sílíkọ́nì, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ gba inú àwòrán kan, wọ́n á fọ apá kan kúrò, wọ́n á sì fi kẹ́míkà tàbí gáàsì jẹ ibi tí kò sí ààbò. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, ìpele lórí ìpele, nígbà mìíràn ju ọgbọ̀n ìgbà lọ. Ọmọ màmá yẹn ní Àgọ́-Ìwòyè ni ẹni tó ń gé páànù. Kò ní aró, kò ní kòkò.

Kí ni ó ń yà gan-an?

Yàrá kan ni, bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti lo ọdún lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó rà á. Iná kò sí nígbà tí mo wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, bátìrì ṣì kù díẹ̀." Sọ́fítíwíà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Xschem ló fi ń ya bí tiransísítọ̀ ṣe so mọ́ra. Ngspice ló fi ń dán an wò bóyá ó máa ṣiṣẹ́. Magic ló fi ń ya bó ṣe máa tẹ́ sórí sílíkọ́nì, ìpele kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn máa ń yà ni ínfẹ́tà. Èyí kì í ṣe ínfẹ́tà tí wọ́n ń so mọ́ sólà o. Tiransísítọ̀ méjì péré ni: tí iná kò bá wọlé, iná á jáde, tí iná bá wọlé, kò ní jáde. Ó tẹ bọ́tìnì, ìlà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà náà dúró gangan ní 1.8 fólítì, ó rìn díẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ bí ẹni já sí kòtò níbi tí iná tó ń wọlé ti tó ìdajì. "Bó ṣe yẹ kó ṣubú nìyẹn," ló wí.

Iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ tóbi ju ìyẹn lọ. Ọkàn èèyàn máa ń tú iná díẹ̀ jáde bó ṣe ń lù, iná tó jẹ́ nǹkan bí mílífólítì kan lórí awọ àyà. Ó kéré jù fún ẹ̀rọ láti kà. Ohun tí ọmọ yìí ń yà ni ègé tí yóò gbé iná yẹn sókè láìgbé ariwo yòókù sókè pẹ̀lú rẹ̀. Ó dán an wò nínú ooru dígírì 27, ó dán an wò nínú dígírì 85, ó tún dán an wò bí ẹni pé iléeṣẹ́ ṣèèṣì ṣe tiransísítọ̀ tó yára jù tàbí tó lọ́ra jù. Ìdánwò kan lè gba ogójì ìṣẹ́jú. Bí bátìrì bá kú lágbedeméjì, ó di kó tún un bẹ̀rẹ̀. Òru tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù, nítorí pé òru ni nẹ́pà máa ń mú iná wá ní àdúgbò rẹ̀ ni.

Ó wá gbé àwòrán títẹ́ náà fún mi wò. Àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ búlúù, gbogbo rẹ̀ wọ inú ara wọn bí aṣọ òkè. Ní apá kan, àwọn àmì funfun kéékèèké hù bí ẹ̀fọn ṣe ń sùn mọ́ ògiri. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní àṣìṣe ni. Iléeṣẹ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ ní òfin: okùn irin méjì ní ìpele yẹn kò gbọdọ̀ sún mọ́ra ju 0.14 máíkírómítà lọ, tirẹ̀ jẹ́ 0.13. Irun orí èèyàn kan nípọn tó 70 máíkírómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n tó ń bá jà fi ìlọ́po ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kéré sí fọ́nrán irun kan. Ó sún okùn kan sápá òsì, àwọn àmì funfun náà pòórá, òmíràn sì hù níbòmíràn.

Ṣé ìwádìí gidi ni ohun tó parí sórí kọ̀ǹpútà?

Níbí ni àríyànjiyàn tó le jù wà, àwọn olùkọ́ yunifásítì fúnra wọn kò sì fẹnu kò lé e lórí.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà pín sí. Àwọn kan ń ya bí ọ̀pọ̀ tiransísítọ̀ ṣe máa ṣiṣẹ́ pọ̀, bíi ti ọmọ Àgọ́-Ìwòyè yìí. Àwọn kan ń wo inú tiransísítọ̀ kan ṣoṣo tàbí inú páńẹ́lì sólà kan: kí ni ká fi ṣe é, báwo ni ó ṣe yẹ kó nípọn tó, kí ni iná máa ṣe nínú rẹ̀? Ọ̀nà kejì yìí pọ̀ ní ẹ̀ka físíìsì ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo SCAPS, sọ́fítíwíà tí yunifásítì Ghent ní Belgium ṣe fún ìwádìí sólà tí wọ́n sì ń fún àwọn olùṣèwádìí lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn ń lọ sórí nanoHUB ti yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìṣirò ti ń wáyé lórí kọ̀ǹpútà tiwọn lọ́hùn-ún, tó fi jẹ́ pé fóònù àti dátà ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń ta kò ó ní ẹ̀rọ kì í mọ irọ́. Ó dà bí ẹni tó ń bá wa lọ ata: ohun tí o bá gbé lọ ni wọ́n máa lọ̀ fún ọ, tí o bá gbé àjàrà lọ, ata kọ́ ni yóò jáde. Èèyàn lè jókòó kó máa pààrọ̀ nọ́ńbà títí tí sólà rẹ̀ fi máa dára lórí ìwé ju ti ẹnikẹ́ni láyé lọ. William Shockley àti Hans Queisser ti fi hàn ní 1961 pé ó ní ibi tí agbára sólà tí wọ́n fi semikọ́ńdọ́tọ̀ oríṣi kan ṣoṣo ṣe mọ: ìṣirò òde òní ní kò lè sọ ju nǹkan bí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú èyí tó sún mọ́ ọn gírígírí wá, tí kò sì sí ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí, ó yẹ kí olùkọ́ bi í léèrè ibi tó ti rí nọ́ńbà tó fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní kò sí iléeṣẹ́ kankan láyé tó ń ṣe chip láìkọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà dán an wò, torí pé àṣìṣe kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lè jẹ́ àdánù mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n tún ní inú yunifásítì gan-an ni sọ́fítíwíà yìí ti jáde. SPICE, tí Ngspice jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀, jáde ní yunifásítì California ní Berkeley ní 1973. Laurence Nagel, akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà náà, ló kọ ọ́ lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Pederson, wọ́n sì ń pín in fún ẹni tó bá fẹ́. Gbogbo iléeṣẹ́ chip ló ń lo ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ títí dòní.

Ohun tí tọ̀túntòsì gbà ni pé ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ èyí tó dúró ṣánṣán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dá tirẹ̀, kó kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ kan tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe tí wọ́n sì ti wọ̀n nínú láàbù, kó ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, kó sì rí i pé ìlà tirẹ̀ bá ìlà tiwọn mu. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè máa yí nǹkan padà. Iṣẹ́ tí kò bá ní ìpele yìí, ó yẹ kí ó fu èèyàn lára.

Èló ni sọ́fítíwíà náà, ta ló sì ni ín?

Iléeṣẹ́ mẹ́ta ló di ọjà yìí mú: Synopsys, Cadence, àti ẹ̀ka Siemens tó ra Mentor Graphics ní 2017. Owó tí iléeṣẹ́ ń san fún láísẹ́ǹsì wọn lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá dọ́là lọ́dún fún ẹnìkan. Wọ́n ń dín in kù gan-an fún yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ní májẹ̀mú: kò gbọdọ̀ kúrò nínú ọgbà, kò gbọdọ̀ di títà, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń wà lójú iṣẹ́ nígbà gbogbo láti máa pín láísẹ́ǹsì. Ibi ìkẹyìn yìí ni iná ti ń dá wa lóró. Nígbà tí owó iná Band A fò dé 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan ní oṣù kẹrin 2024, ọ̀pọ̀ yunifásítì pariwo pé àwọn kò lè san án.

Ohun kejì ni òṣèlú. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà sọ fún iléeṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kí wọ́n má ta ọjà wọn fún China mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Nínú oṣù keje kan náà ni Cadence gbà pé òun jẹ̀bi títa sọ́fítíwíà fún yunifásítì àwọn ọmọ ogun China kan tí Amẹ́ríkà ti fòfin dè, ó sì gbà láti san ju 140 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Kò sí ẹni tó fòfin de Nàìjíríà. Síbẹ̀, àwọn tó ń tọ́ka sí i ní ó yẹ ká rí i pé ohun èlò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni yẹn lè tì í lóru ọjọ́ kan.

Ìhà tó kọjú sí èyí ní, ẹni tó bá fẹ́ ríṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń lò, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kò sì tíì tó láti fi ya chip ìgbàlódé. Òótọ́ ni. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti wá ọgbọ́n dá sí i. Ní Yúróòpù, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Europractice ló ń bá ọ̀pọ̀ yunifásítì dúnàá-dúrà pọ̀. Ìjọba India náà ra láísẹ́ǹsì fún ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ kíráàkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń lo èyí tí wọ́n já láísẹ́ǹsì rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé olè ni, iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ṣe kò ní ibi tó ń lọ: wọn ò lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìwádìí, wọn ò sì lè gbé e fún iléeṣẹ́ tí yóò tẹ̀ ẹ́, torí pé iléeṣẹ́ yóò béèrè.

Ìyípadà ńlá dé ní 2020. Kí ìyẹn tó dé, ìwé òfin iléeṣẹ́ chip kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwọ̀n gbogbo okùn àti ihò tó gbà láyè, àṣírí ni. Èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó fi hàn án. Lọ́dún yẹn, Google àti iléeṣẹ́ SkyWater ní Amẹ́ríkà gbé ìwé òfin ti ìlànà 130 nanómítà (ẹgbẹ̀rún nanómítà ló wà nínú máíkírómítà kan) síta fún gbogbo ayé. GlobalFoundries ṣe irú rẹ̀ ní 2022 fún 180 nanómítà, ilé ìwádìí IHP ní Jámánì náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà àtijọ́ ni gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó lè fi ya chip fóònù tuntun. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó fún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ lílù ọkàn. Òfin 0.14 máíkírómítà tó ń da ọmọ Àgọ́-Ìwòyè láàmú, inú ìwé SkyWater yẹn ló ti wá.

Ta ni yóò sọ àwòrán di ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn?

Ṣé ẹ mọ bí àwọn Mùsùlùmí wa ṣe ń dá owó jọ ra màlúù ọdún Iléyá, tí ẹni méje ń pín in? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Títẹ sílíkọ́nì odindi kan wọ́n ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ, nítorí náà wọ́n ń kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn sórí ẹyọ kan, oníkálukú á san owó ìpín tirẹ̀. Láti 1981 ni ètò kan tó ń jẹ́ MOSIS ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Lónìí, ètò Tiny Tapeout ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé, ìpín tó kéré jù níbẹ̀ kò sì tó owó fóònù tuntun tó dára.

Wàhálà rẹ̀ ni pé abọ́ tí a fi ń pín in lè fọ́. Efabless, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò pínpín náà pẹ̀lú SkyWater, tí Google ti bá san owó ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti ilẹ̀kùn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 nítorí àìsí owó, iṣẹ́ àwọn tó wà lórí ìlà sì há. Tiny Tapeout ní láti wá iléeṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì rí IHP ní Jámánì. Fún ọmọ tó wà níbí, ó tún ku ká fi káàdì náírà san owó òkèèrè, ká dúró fún oṣù púpọ̀, ká gbà á lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ká sì wá rí láàbù tó ní ẹ̀rọ láti wọ̀n ọ́n. Nínú gbogbo rẹ̀, wíwọ̀n yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Yanrìn wa ńkọ́? Kí ló dé tí a ò kọ́ iléeṣẹ́ tiwa?

Yanrìn kọ́ ni ìṣòro. Sílíkọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe chip gbọ́dọ̀ mọ́ dé ìwọ̀n 99.9999999 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ chip tó kéré jù, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo láyé ló ń ṣe é, ASML ní Netherlands, ẹyọ kan sì ju 150 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ní oṣù kẹta 2025, TSMC kéde pé owó tí òun máa ná sí Arizona máa dé 165 bílíọ̀nù dọ́là. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sí ìdíwọ́ iná. Ní oṣù kejì 2021, nígbà tí òtútù mú kí iná lọ ní Texas, iléeṣẹ́ chip Samsung ní Austin dúró, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí iṣẹ́ tó padà sípò.

Àwọn tó fẹ́ iléeṣẹ́ ní kì í ṣe irú ti TSMC làwọn ń bèèrè. Wọ́n tọ́ka sí Kenya, níbi tí iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ STL ti ń ṣiṣẹ́ chip nínú ọgbà yunifásítì Dedan Kimathi ní Nyeri. Wọ́n tọ́ka sí Malaysia, tí Intel lọ sí Penang níbẹ̀ ní 1972, tó jẹ́ pé fífi chip sínú ìkarahun tó ń dáàbò bò ó àti dídán an wò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ní ká fi yíyà bẹ̀rẹ̀ tọ́ka sí India: Texas Instruments dá ibùdó àwọn tó ń ya chip sílẹ̀ ní Bangalore ní 1985, láìkọ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀, àbí ọ̀nà jápa ni?

Méjèèjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kúnlé Olúkòtún ti yunifásítì Stanford, tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ibi tó ti wá, ló ṣáájú nínú àwọn tó fi hàn pé chip kan lè ní ọpọlọ púpọ̀ nínú. Ní 2000, ó dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ láti yà á, ó sì pè é ní Afara, afárá tiwa yìí. Sun Microsystems rà á ní 2002. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Eckert-Mauchly, tí kò sí èyí tó ga jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́ bí a ṣe ń to kọ̀ǹpútà. Inú yunifásítì ni ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó sì ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni àwọn tó ń bẹ̀rù jápa máa ń rán wa létí.

Àwọn olùkọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Ìlíṣàn àti Ìjẹ̀bú-Òde kò sọ ohun kan náà. Ọ̀kan ní ká kọ́ wọn, kí wọ́n máa lọ, Taiwan náà rán àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà ní 1976, wọ́n sì padà. Èkejì ní Taiwan ní iléeṣẹ́ tó ń dúró dè wọ́n nílé. Àwọn méjèèjì gbà pé iṣẹ́ yíyà ṣeé ṣe láti ibikíbi tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì bá wà.

Mo padà sí Òkè-Ajé lọ́sẹ̀ kejì. Ọmọ náà ti rán àwòrán rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp, àwọn àmì funfun ti lọ tán lára rẹ̀. Màmá fi ìka méjì fa àwòrán náà kó tóbi, ó wò ó títí, ó wá pe ọmọ náà lórí fóònù lójú mi. "Nínú gbogbo àwọ̀ yìí, èwo ni iná ń bá wọlé?"

"Okùn tó wà lókè pátápátá yẹn, Màmá."

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni iná ń bá jáde, Mà. Ilẹ̀ la ń pè é."